Gbígbé Ubuntu láti 22.04 sí 24.04: ẹ kọ́kọ́ wá àjèjì pákéèjì jáde

Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń gbé Ubuntu (ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà) kúrò ní ẹ̀dà kan bọ́ sí òmíràn, `sudo do-release-upgrade`, àṣẹ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í sábà fa wàhálà. Pákéèjì (sọ́fítíwíà tí a dì fún fífi sórí ẹ̀rọ) tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ló ń fà á: èyí tí ẹnì kan gbé wọlé láti ibi tí Ubuntu kò mọ̀, bóyá dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bóyá PHP tuntun tí oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù fi síbẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́. Ọjọ́ àpgíréèdì ni àṣírí gbogbo wọn máa ń tú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe kí ẹ tó tẹ àṣẹ yẹn rárá.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn la ní lọ́kàn: oní-bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Agbowó, olùkọ́ tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ní Bódìjà, ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀ tí sẹ́fà kan péré ń gbé gbogbo iṣẹ́ wọn. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni 22.04 jáde, 24.04 sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fi àtúnṣe ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀dà LTS (èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́) kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 2027 ni ti 22.04 máa tán. Ẹni tó bá ṣì wà lórí 20.04 kò lè fò tààrà sí 24.04. Ó di dandan kó kọ́kọ́ dé 22.04, kó tún ilé ṣe níbẹ̀, kó tó máa lọ. Ẹni tó ń lo Debian náà á rí ohun tó bá a mu níbí, àfi pé kò ní do-release-upgrade. Ọwọ́ ló máa fi yí orúkọ ẹ̀dà padà nínú fáìlì orísun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Pákéèjì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan nínú. Ìlà Depends nínú ìwé náà ń dárúkọ ohun tó gbára lé, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà tó fẹ́. Conflicts àti Breaks ń dárúkọ èyí tí kò lè bá gbé. Iṣẹ́ apt, ètò tó ń gbé pákéèjì wọlé lórí Ubuntu, ni kó wá ẹ̀dà kan fún gbogbo pákéèjì tí kò fi ní sí ẹni tí a fi ohun tó gbára lé dù. Lórí ẹ̀rọ tí gbogbo ẹrù rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Ubuntu wá, ìdáhùn wà, torí àwọn tó kó 24.04 jọ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí àjèjì kan bá wà níbẹ̀ tó ní òun kò lè wà láìsí libssl1.1 (kóòdù ààbò àtijọ́ kan), tí 24.04 kò sì ní in, ọ̀nà méjì ló kù fún apt: kó yọ àjèjì náà, tàbí kó fi í sílẹ̀ kó sì dá gbogbo ohun tó bá a so dúró. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ibi tí àjèjì fara pamọ́ sí

Ẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ dé òpin ẹ̀dà tó wà nísinsìnyí:

sudo apt update
sudo apt full-upgrade
sudo reboot

Bí apt bá sọ pé òun dá pákéèjì kan tàbí méjì dúró, "kept back", ẹ má tíì jà. Ubuntu kì í fún gbogbo ẹ̀rọ ní àtúnṣe kan náà lọ́jọ́ kan náà, ó ń pín in díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tiyín lè máà tíì kàn. Èyí tó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló yẹ kí ẹ fura sí.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti padà dìde, ẹ tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

apt-mark showhold
dpkg --audit
apt list '~o'
apt list '?narrow(?installed, ?not(?origin(Ubuntu)))'
ls /etc/apt/sources.list.d/ /etc/apt/preferences.d/

Èkíní ń fi pákéèjì tí ẹnì kan ti so mọ́lẹ̀ hàn. Ẹ fi `sudo apt-mark unhold` tú u. Èkejì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bó bá sọ ohunkóhun, pákéèjì kan wà tí kò parí wíwọlé, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ẹ tó sún síwájú. Ẹ̀kẹta ń kó àwọn tí orísun kankan kò mọ̀ mọ́ jọ. Ẹ̀kẹrin ló ṣe kókó jù: gbogbo ohun tí kò ti ọ̀dọ̀ Ubuntu wá ló máa tò síta. Ní ti àṣẹ tó gbẹ̀yìn, fáìlì tó bá wà nínú preferences.d lè máa pàṣẹ fún apt lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀dà báyìí ni kó máa mú. Bí Pin-Priority rẹ̀ bá tó 1000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè mú kí apt fa pákéèjì padà sẹ́yìn. Ẹ gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú fódà náà kí àpgíréèdì tó bẹ̀rẹ̀.

Fún pákéèjì kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, ẹ bi apt léèrè ibi tó ti wá. Ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò eléyìí:

apt-cache policy drafa-itewe

Bí ìdáhùn bá rí báyìí,

 *** 3.2-1 100
        100 /var/lib/dpkg/status

tí kò sí ìlà mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn pé inú ẹ̀rọ yìí nìkan ni pákéèjì náà wà. Ẹnì kan ló fi fáìlì .deb gbé e wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé 500 àti àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ló tẹ̀lé e, àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ni orísun rẹ̀.

Gbogbo àjèjì kọ́ ló burú. Google Chrome ní orísun tirẹ̀, ó sì ń gbé ọ̀pọ̀ ohun tó nílò dání, kì í sábà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èyí tó léwu ni èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lib, ìyẹn láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò), torí pé àìmọye pákéèjì mìíràn ló lè gbára lé láíbìrì kan ṣoṣo. Àwọn PPA (orísun pákéèjì tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀ fún Ubuntu) tó ń pèsè PHP tuntun lókìkí fún èyí: ẹ rò pé PHP nìkan lẹ gbà, àmọ́ ó ti kó láíbìrì tirẹ̀ wọlé, tí nọ́ńbà wọn ga ju ti inú Ubuntu lọ. Do-release-upgrade máa pa ìlà PPA náà, ṣùgbọ́n kò ní yọ ohun tó ti wọlé. Láíbìrì tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù á wá jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó kọ̀ tí kò lọ, apt kò sì ní fa ohunkóhun sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ẹ lo ppa-purge, òun ló ń dá gbogbo ohun tó ti PPA wá padà sí ti Ubuntu:

sudo apt install ppa-purge
sudo ppa-purge ppa:orukọ-onile/orukọ-ppa

Bí wẹ́ẹ̀bù àwọn oníbàárà bá ń ṣiṣẹ́ lórí PHP yẹn, ojú ẹsẹ̀ tí ppa-purge bá parí ló lè dákẹ́. Kí ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ máa ṣe àpgíréèdì gan-an, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Python tún yẹ fún ojú kan. `ls -l /usr/bin/python3` gbọ́dọ̀ tọ́ka sí python3.10 lórí 22.04. Bí ẹnì kan bá ti fi update-alternatives yí i sí 3.11 tàbí òmíràn, do-release-upgrade lè kọ̀ jálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé Python ni wọ́n fi kọ òun náà. Ẹ dá a padà:

sudo ln -sf python3.10 /usr/bin/python3

Ẹ wá ṣe àdàkọ sórí dísìkì ìta: /etc lódindi, àkójọ pákéèjì, àti dátábéèsì bó bá wà.

sudo tar czf etc-2204.tar.gz /etc
dpkg --get-selections > pakeeji.txt
apt-mark showmanual > afowofi.txt
sudo -u postgres pg_dumpall > databeesi.sql

Fún MySQL, mysqldump pẹ̀lú --all-databases ló máa rọ́pò ìlà tó gbẹ̀yìn. Fáìlì àwọn oníbàárà kò sí nínú gbogbo èyí o, ẹ kó ìyẹn náà lọ́tọ̀.

Àyè, iná àti dátà

`df -h / /boot` á sọ bí àyè ṣe kù sí. Gígà mẹ́wàá lórí / la máa ń fẹ́ kó ṣófo, àti 400 MB lórí /boot bí ó bá dá dúró. /boot ló máa ń kún jù, torí àwọn kánẹ́ẹ̀lì (ọkàn ètò Linux) àtijọ́ tí wọ́n tò síbẹ̀. `sudo apt autoremove --purge` ló ń kó wọn lọ. Ẹ má fi ọwọ́ pa fáìlì rẹ́ nínú /boot, ẹ má sì fọwọ́ kan kánẹ́ẹ̀lì tí `uname -r` bá dárúkọ, torí òun lẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́.

Apá méjì ni àpgíréèdì ní, wọn ò sì jọra ní ti ewu. Bí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ nígbà tó ń gba fáìlì wálé, kò sí ohun tó bàjẹ́: ohun tó ti gbà wà nínú /var/cache/apt/archives, yóò sì máa bá a lọ láti ibẹ̀. (Nítorí náà, ẹ má tẹ `apt clean` láàárín o.) Ṣùgbọ́n tó bá ti ń tú pákéèjì sílẹ̀, kí iná má ṣe lọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà tó lè gbé e fún wákàtí méjì ó kéré tán. Láàpútọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lásìkò òjò, tí mànàmáná bá ti ń kọ, ẹ fi í di ọjọ́ mìíràn.

Bí kọ̀ǹpútà bá pọ̀, kò bọ́gbọ́n mu kí kọ̀ọ̀kan máa fi dátà tirẹ̀ gba fáìlì kan náà. Lórí ẹ̀rọ kan, ẹ fi apt-cacher-ng sí i, òun ló ń tọ́jú fáìlì tí apt bá gbà kí àwọn ẹ̀rọ yòókù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà (port) 3142 ló ń lò. Lórí àwọn yòókù, ẹ kọ ìlà méjì yìí sínú /etc/apt/apt.conf.d/00proxy, kí ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ tiyín rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";
Acquire::https::Proxy "DIRECT";

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó bá ṣe àpgíréèdì ló máa san owó dátà, ó sì máa ń ju gígà kan lọ fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Àwọn tó kù á gbà á lọ́wọ́ ará ilé. Ẹ fi èyí tí kò ṣe pàtàkì jù ṣe àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ òun ló máa fi ibi tí wàhálà wà hàn yín.

Bí a ṣe ń ka ohun tí apt ń wí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí ìlà tó gbẹ̀yìn, "E: Unable to correct problems, you have held broken packages", wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pákéèjì tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bí apt-mark showhold bá ṣófo, ìlà yẹn kò sọ ju pé apt ò rí ọ̀nà lọ. Àwọn ìlà òkè rẹ̀ ni kí ẹ kà, gbólóhùn mẹ́ta ló sì yẹ kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ síra.

Tó bá ní "but it is not installable", kò sí orísun kankan tó ní pákéèjì orúkọ yẹn. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ti yí padà, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. libssl1.1 ni àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù: láti 22.04 ni Ubuntu ti bọ́ sórí OpenSSL 3, ohun tó bá ṣì ń béèrè 1.1 sì ti gbó. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ gbé libssl1.1 ti 20.04 wá kí ẹ fipá fi sí i. Ó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni àwọn tó ń ṣe OpenSSL ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún 1.1.1 dúró, láíbìrì ààbò tí kò sí ẹni tó ń tún un ṣe kò sì yẹ lórí ẹ̀rọ tó ń gba owó oníbàárà. Ẹ wá ẹ̀dà tuntun ti sọ́fítíwíà náà.

Tó bá ní "but 2.35-0ubuntu3 is to be installed", pákéèjì náà wà ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ohun tí a béèrè mu. Nọ́ńbà libc6 (láíbìrì tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ètò gbára lé) lẹ lè fi dá ọ̀rọ̀ mọ̀ kíákíá: 2.35 ni ti 22.04, 2.39 ni ti 24.04. Bí pákéèjì kan bá ń béèrè libc6 tó tó 2.38 lórí ẹ̀rọ 22.04, ẹ̀dà tó tuntun ju èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ lọ wo sources.list.d, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà kan tó kọ noble (orúkọ ìnagijẹ 24.04) síbi tó yẹ kí jammy (ti 22.04) wà.

Ẹ̀kẹta, "but it is not going to be installed", ló ń fi nǹkan pamọ́. Pákéèjì náà wà, apt lè gbà á, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló dí i lọ́nà, kò sì sọ ohun náà. Ẹ fipá mú un sọ ọ́. Bí A bá ní òun gbára lé B, tí B kò sì fẹ́ wọlé, ẹ kọ orúkọ méjèèjì pa pọ̀:

sudo apt install A B

Apt á wá sọ ohun tó ń ṣe B. Bí ó bá tún dárúkọ C pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, ẹ fi C kún un. Ẹ máa tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kan ìlà kan tó sọ "not installable" tàbí tó dárúkọ nọ́ńbà ẹ̀dà. Ìdí wàhálà nìyẹn; gbogbo ìlà tó ṣáájú rẹ̀ kàn ń pariwo ni. Ní ìpele kẹta sí ìkẹrin lọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó kan láíbìrì kan tó ti PPA wá. `apt-cache rdepends --installed` pẹ̀lú orúkọ láíbìrì náà á fi àwọn tó gbára lé e hàn, kí ẹ lè mọ ẹni tí yíyọ rẹ̀ máa kàn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti 24.04 nìkan láàárín àwọn LTS wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ló gba t64 mọ́ orúkọ: libasound2 di libasound2t64, libcups2 di libcups2t64, libssl3 di libssl3t64. Ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038 ni wọ́n ń sá fún, ọjọ́ tí òǹkà àsìkò 32-bit máa kún. Bí ẹ bá tẹ `apt install libasound2` lórí 24.04, á sọ pé orúkọ lásán ni, kò ní ẹ̀dà tí òun lè mú. Ẹ fi t64 kún un. Àwọn fáìlì .deb àtijọ́ tó kàn béèrè libasound2 sábà máa ń wọlé láìsí ìjà, torí pé pákéèjì tuntun náà ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ pẹ̀lú. Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ló máa nílò àtúnkọ.

Nígbà tí àṣẹ bá ń ṣiṣẹ́

Lórí sẹ́fà tó jìnnà, do-release-upgrade á ṣí SSH (ọ̀nà àbáwọlé láti òkèèrè) kejì sí ojú ọ̀nà 1022 kí ẹ lè rí ọ̀nà wọlé bí ti àkọ́kọ́ bá já. Fáyàwọ́ọ̀lù kì í ṣí i fúnra rẹ̀: `sudo ufw allow 1022/tcp`, kí ẹ sì tì í padà tí iṣẹ́ bá parí. Inú screen ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ tún wọlé kí ẹ tẹ `sudo screen -dr`.

Lẹ́yìn ìṣirò, á kọ iye pákéèjì tó fẹ́ yọ, iye tó fẹ́ fi kún un, iye dátà tó máa jẹ, á sì béèrè bóyá kó máa lọ. Ẹ má tíì tẹ y. Ẹ tẹ d, kí ẹ ka àkójọ Remove láti òkè dé ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ubuntu-desktop, network-manager, openssh-server, linux-image-generic, grub kankan, tàbí dátábéèsì tí ẹ ń lò, ẹ tẹ N. Kò tíì sí ohun tó yí padà lórí ẹ̀rọ yín. Àjèjì kan ṣì wà tí ẹ kò rí; ẹ padà lọ wá a.

Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀, á ní òun kò lè ṣírò àpgíréèdì náà, á sì dá gbogbo orísun padà bó ṣe wà. Ẹ̀rí wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀:

grep Broken /var/log/dist-upgrade/apt.log

Ìlà kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ ẹni tó fọ́ àti ohun tó fẹ́ tí kò rí. Orúkọ tó bá ń padà wá lemọ́lemọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò pẹ̀lú apt-cache policy.

Láàárín iṣẹ́, á máa béèrè ohun tó fẹ́ ṣe sí fáìlì ètò tí ẹ ti fọwọ́ yí padà. N ni kó fi tiyín sílẹ̀, Y ni kó fi tuntun rọ́pò, D ni kó fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ máa tẹ D. Fún sshd_config àti fáìlì Apache tàbí Nginx, N ló dára jù. Ti tuntun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrù .dpkg-dist (ti sshd_config lè jẹ́ .ucf-dist). Fún ohun tí ẹ kò rántí pé ẹ fọwọ́ kàn rí, ẹ gba tuntun.

Àṣìṣe kan tó tún máa ń yọjú níbí ni "trying to overwrite", tó ń sọ pé pákéèjì méjì ń du fáìlì kan. Ó máa ń dárúkọ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ àjèjì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tẹ `sudo apt --fix-broken install`. Bó bá kọ̀ tí kò yọ torí pé apt ti há, ìgbà yìí nìkan la gbà fún --force-overwrite, lórí fáìlì .deb kan ṣoṣo tí àṣìṣe náà dárúkọ:

sudo dpkg -i --force-overwrite /var/cache/apt/archives/orukọ.deb

Ẹni tó bá ní kí ẹ lo --force-all, ẹ má dá a lóhùn.

Bí iná bá lọ láàárín méjì

Ẹ tan ẹ̀rọ. Bí kò bá dìde dáadáa, ẹ wọ Advanced options nínú GRUB (àkójọ tó ń yọ kí Ubuntu tó dìde), kí ẹ mú kánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ pẹ̀lú recovery mode, kí ẹ wọ root, kí ẹ tẹ `mount -o remount,rw /`. Ẹ wo àwọn tó wà láàárín ọ̀nà:

dpkg -l | grep -v '^ii'

iU ti tú sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gba ètò rẹ̀, iF bẹ̀rẹ̀ ètò kò parí, iH kò tilẹ̀ wọlé tán. rc kò ṣe nǹkan, ìyókù pákéèjì tí wọ́n ti yọ ni. Ìtò yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má yí i padà:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo apt update
sudo apt full-upgrade

Ẹ má tún tẹ do-release-upgrade. Àwọn orísun ti di noble, àṣẹ náà sì lè rò pé ẹ ti dé. Full-upgrade ló máa parí ohun tó ṣẹ́kù, ó sì lè gbà kí ẹ tẹ ìlà kìíní àti ìkejì lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbọ́ràn. Bí apt bá ń ráhùn pé ẹnì kan di /var/lib/dpkg/lock-frontend mú, ẹ má pa fáìlì náà rẹ́. `sudo lsof /var/lib/dpkg/lock-frontend` á dárúkọ ẹni tó dì í mú. unattended-upgrades (ètò tó ń ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀) ló sábà máa ń jẹ́, ó sì máa parí láìpẹ́.

Nígbà tí 24.04 bá ti dìde

Ẹ tún tẹ `apt list '~o'`, nítorí pé ohun tó gbó lórí 22.04 kọ́ nìkan ló gbó lórí 24.04. Ẹ ka àkójọ `sudo apt autoremove` dáadáa kí ẹ tó gbà fún un. PHP 8.1 ti di 8.3, nítorí náà bí Apache bá ń fi kóòdù PHP hàn lójú wẹ́ẹ̀bù bí ìwé lásán, módù àtijọ́ ló ti lọ tí tuntun kò sì tíì tàn:

sudo apt install libapache2-mod-php8.3
sudo a2enmod php8.3
sudo systemctl restart apache2

Python ti di 3.12. Gbogbo venv (fódà tó ń ya pákéèjì Python iṣẹ́ kan sọ́tọ̀) tí ẹ dá lórí 3.10 ti kú, ẹ pa fódà wọn rẹ́ kí ẹ dá wọn padà láti inú requirements.txt. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi sudo pip gbé wọlé kò sí lójú Python tuntun mọ́, pip yóò sì kọ̀ láti tún gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú "externally-managed-environment". Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ lo venv.

Orísun tí do-release-upgrade pa, ẹ má tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú sources.list.d, ẹ yí jammy sí noble, ẹ tẹ `sudo apt update`. Bí ó bá dá yín lóhùn pé kò sí fáìlì Release níbẹ̀, ẹni tó ni orísun náà kò tíì ṣe é fún 24.04, ẹ tún pa á. Bó bá gbà, ẹ lọ sórí èyí tó kàn.

PostgreSQL, ètò dátábéèsì, ló gbẹ̀yìn, òun ló sì gba sùúrù jù. Bí ẹ̀dà 16 rẹ̀ bá ti wọlé, kò gba ipò ẹ̀dà 14. Àwọn méjèèjì á jọ wà, dátà yín á sì wà nínú 14 síbẹ̀. `pg_lsclusters` á fi wọ́n hàn, pẹ̀lú 16 lórí ojú ọ̀nà 5433. Bí autoremove bá dárúkọ postgresql-14 ní àkókò yìí, ẹ kọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé 16 ṣófo, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá gbé 14 bọ́ sípò rẹ̀:

sudo pg_dropcluster --stop 16 main
sudo pg_upgradecluster 14 main

Ẹ tún wo pg_lsclusters: 16 gbọ́dọ̀ ti wà lórí 5432, kí 14 sì ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n tẹ ìwé owó, kí wọ́n wá orúkọ oníbàárà àtijọ́, kí ẹ tó tẹ `sudo pg_dropcluster 14 main`.